Àjèjì Tó Ń Dá Iṣẹ́ Ara Rẹ̀ Ṣe: Orúkọ Ta Ni Yóò Fi Ṣòwò?

   

Ìtàn ni a máa ń kọ sí abala yìí nínú ìwé àyájọ́ wa. Lọ́dún yìí, a rò ó pé kí a mú èyí tó kan ọ̀pọ̀ ilé nínú ẹgbẹ́. Mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ tàbí ọmọ ọmọ lókè òkun? Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá lọ, iṣẹ́ olóṣù ló máa ń wá. Nísinsìnyí, púpọ̀ nínú wọn ló ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe. Èyí ń dirun, èyí ń ránṣọ, èyí ń se oúnjẹ òde àríyá, èyí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún oníbàárà tí kò fojú rí rí. Ọmọ náà á wá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á ní, "Màámi, wọ́n ní kí n yan ọ̀kan o. Ṣé kí n forúkọ ara mi sílẹ̀ ni, àbí kí n dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀?" Bí ìyá bá ti gbọ́ kọ́ńpìnnì báyìí, inú rẹ̀ á dùn, á ní kí ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kíá. Ta ni kò fẹ́ sọ ọ́ lọ́jà pé ọmọ òun ti di ọ̀gá kọ́ńpìnnì?

Ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ọ̀pọ̀ nínú wa yá nínú àpò ẹgbẹ́ fi ran ọmọ lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ọjà bá sì ṣubú níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ṣòwò ni yóò sọ bóyá kìkì owó ọjà ló máa lọ, tàbí ọkọ̀, ilé àti owó inú báńkì máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a ti ẹ̀yìn wá, kí a wo bí àwọn tó ti ṣe é ṣáájú ṣe ṣe é.

Àwọn èèyàn wa tó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ara wọn ṣe nílẹ̀ àjèjì, ẹsẹ̀ ara wọn kọ́ ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Ìlú Salvador, ní Bahia, nílẹ̀ Bràsíìlì, ni a ń sọ. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1800, ogun ilẹ̀ wa kó àwọn Yorùbá dé ibẹ̀ rẹpẹtẹ gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹrú inú ìlú yàtọ̀ sí ẹrú oko ìrèké. Ọ̀gá ẹrú inú ìlú á ní kí ó jáde lọ wá iṣẹ́ ara rẹ̀, kí ó máa mú iye kan pàtó wá fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá lé lórí iye yẹn, ti ẹrú ni. Ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ganhador, obìnrin sì ni ganhadeira. Àwọn ọkùnrin ń ru ẹrù ní èbúté, wọ́n sì ń gbé ọlọ́lá lórí àga káàkiri ìlú. Àwọn obìnrin ń ta ẹja, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta oúnjẹ sísè. Àkàrà tí wọ́n dín nígbà náà ni wọ́n ṣì ń tà níbẹ̀ títí dòní olónìí lábẹ́ orúkọ acarajé. Ẹ ò rí i pé ọlọ́jà ni wá níbi gbogbo!

Nínú owó tó ń lé yìí ni wọ́n ti ń ra ara wọn padà. Ẹni tó bá ti ra ara rẹ̀ tán, iṣẹ́ kan náà ló sábà máa ń bá lọ, àfi pé kò sanwó fún ọ̀gá mọ́. Wọ́n ní ètò tiwọn. Igun òpópónà kọ̀ọ̀kan ní àwọn oníṣẹ́ tirẹ̀, canto ni wọ́n ń pe igun bẹ́ẹ̀, olórí wọn sì ni kápútéènì canto. Òun ló ń bá oníbàárà dúnàádúrà, tó sì ń pín iṣẹ́. Wọ́n ń dá àjọ láti fi ra ara wọn padà, bí èsúsú tiwa gan-an. Ní 1832, ọmọ Áfíríkà kan tó ti gba òmìnira, Manoel Victor Serra, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ ganhador, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ ní Salvador. Ẹgbẹ́ náà di Sociedade Protetora dos Desvalidos, ó sì wà títí di àkókò tiwa yìí. Ẹ gbọ́ ná, ọdún 1832 o! Àwọn ahunṣọ Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ọdún 1844 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn.

Òfin ìlú kò fẹ́ràn ètò yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní Salvador, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba Bahia ṣe òfin kan. Ọmọ Áfíríkà tó bá ti gba òmìnira yóò máa san owó orí mílí-réìsì mẹ́wàá lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ ra ilẹ̀ tàbí ilé. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Obìnrin lè ta ẹja títí kí owó rẹ̀ tó ra ilé, ṣùgbọ́n òfin ní orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí ìwé ilé. Owó wà, orúkọ kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọkọ̀ òkun padà sílé lẹ́yìn ọdún yẹn, àwọn ni ìran wọn ń jẹ́ Àgùdà ní Èkó, ní Pọ́tò-Nófò àti ní Wìdá.

Èyí tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti 1857. Ìgbìmọ̀ ìlú Salvador ní kí ganhador kọ̀ọ̀kan wá forúkọ sílẹ̀, kí ó sanwó, kí ó sì máa so àwo irin tó ní nọ́ńbà mọ́ ọrùn. Ẹni tó ti gba òmìnira gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá tí yóò jẹ́rìí ìwà rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, gbogbo wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹrù kò kúrò ní èbúté, ọlọ́lá kò rí ẹni gbé e. Kíá ni ìjọba yọ owó ìforúkọsílẹ̀ kúrò, wọ́n rò pé owó ló ń dun àwọn èèyàn náà. Wọn kò padà síbi iṣẹ́. Àwo ọrùn gan-an ló ń dùn wọ́n. Ìdáwọ́dúró náà lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì mú kí wọ́n dín òfin náà kù.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ nìyí: àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ní ẹgbẹ́, wọ́n ní olórí, wọ́n ní àpótí owó. Ṣùgbọ́n ìjọba ìlú tí wọ́n wà kò fẹ́ bá canto ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ mú lórúkọ àti ní nọ́ńbà, kí ó lè mọ ẹni tí yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí yóò lé jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní òkè òkun wá sí itòsí ilé. Bí a bá dárúkọ Gáná nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn ìyá àgbà kan ṣì máa ń mí kanlẹ̀. Láti ayé Góòlù Kóòsì ni àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Ìgbòho àti Ṣakí ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n wà ní Accra, wọ́n wà ní Kùmásì, wọ́n wọ ìlú òkè lọ dé Tàmálè àti kọjá. Kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, abọ́, aṣọ. Ọkọ ní ọjà tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀. Ọmọ tí ìyá kọ́ ní òwò á gba owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì lọ dá dúró láàyè tirẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Orí ẹni àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e dúró: awìn tí ẹ tà fún obìnrin ará Gáná tó wà ní ìsọ̀ kejì, awìn tí àgbà oníṣòwò tà fún yín, ìwé kékeré tí ẹ kọ gbèsè sí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó fi Gáná sílẹ̀. Ọjọ́ 14 péré! Àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀ wà nínú wọn, tí wọn kò mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá wọn. Wọ́n ń ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń ta ilé ní iyekíye tí ẹni tó rà á bá dá. Ọ̀rọ̀ awìn ló burú jù. Ta ni yóò dúró san gbèsè fún ẹni tí ìjọba ti ní kí ó máa lọ? Ọ̀pọ̀ ló fi ìwé gbèsè sínú àpò wálé, kò sì sí ẹni tó gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti bi wá léèrè rí pé ká ní àwọn ìyá wa dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Kùmásì nígbà náà, ṣé nǹkan ìbá yàtọ̀? Ìdáhùn tiwa ni pé rárá, fún 1969. Àṣẹ yẹn kò béèrè irú òwò tí èèyàn ń ṣe, ìwé ìgbélùú ló béèrè. Ẹni tó ní kọ́ńpìnnì tí kò ní ìwé ìgbélùú yóò lọ bí ẹlòmíì ni. Àmọ́ lọ́dún kejì, 1970, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Gáná nìkan. Ìyẹn ló wo òwò fúnra rẹ̀: irú òwò wo ni, ta ló ni ín? Ìlẹ̀kùn méjì ni, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan kì í ṣí èkejì.

Kí a má purọ́, àwa náà ṣe é. Òfin tí ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe ní 1972 ya oríṣi òwò 22 sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, àwọn ará Lẹ́bánónì àti àjèjì mìíràn sì ní láti fi wọ́n sílẹ̀. Ní 1983 ẹ̀wẹ̀, a lé àwọn ará Gáná, orúkọ báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí kò sì kúrò lẹ́nu wa mọ́. Gáná tún ṣe òfin ní 2013. Nínú òfin yẹn, títajà nínú ọjà, ìkiri ọjà, ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge àti ìgẹrun wà lára ohun tí wọ́n ní ọmọ Gáná nìkan ló lè ṣe. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kí ó sì gba ọmọ Gáná 20 tó mọṣẹ́ sí iṣẹ́. Lórí òfin yẹn ni wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pa ní Accra ní 2019 àti 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la jọ wà nínú ECOWAS.

Wàyí o, kí ni kọ́ńpìnnì gan-an? Ìtàn rẹ̀ kò pẹ́ tó bí àwọn kan ṣe rò. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, bí èèyàn bá jẹ gbèsè, olówó lè rán ológò lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa bú onílé títí owó yóò fi jáde. Ilé gbogbo ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ̀wọ̀n wà fún onígbèsè, àwọn tó bá sì jọ dá owó òwò ni gbèsè rẹ̀ máa ń jẹ tọrùntọrùn. Ní 1855 ni ilé aṣòfin wọn gbà pé kí àwọn tó dá kọ́ńpìnnì máa pàdánù kìkì owó tí wọ́n fi sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Limited tí ẹ ń rí lára pátákó ti wá. Ó túmọ̀ sí pé gbèsè ní ààlà.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aron Salomon ló jẹ́ kí ayé mọ bí ààlà náà ṣe le tó. Bàtà ló ń ṣe ní Whitechapel, àdúgbò kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn àjèjì pọ̀ sí. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, òun nìkan ló ni ín. Ní 1892, ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ó sì ta òwò ara rẹ̀ fún kọ́ńpìnnì náà ní iye tó sún mọ́ £39,000. Òfin ìgbà náà ní èèyàn méje ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Salomon kó ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kan àti ọmọkùnrin mẹ́rin, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ṣíà kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ mú 20,001. Apá kan owó tí kọ́ńpìnnì jẹ ẹ́, £10,000, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀yáwó tí wọ́n fi ohun ìní kọ́ńpìnnì dúró fún. Láìpẹ́, iṣẹ́ dojú rú, ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọ iṣẹ́ bàtà, kọ́ńpìnnì wó.

Àwọn tó ta awọ fún un láwìn wá gbowó. Owó tí wọ́n ń béèrè lé ní £7,000, kò sì ṣẹ́ ku nǹkan fún wọn. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì wo? Salomon náà ni, ẹ̀tàn lásán ni! Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní House of Lords, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, wọ́n yí i padà pátápátá. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì tí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ṣe wí, ẹnìkan ọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Gbèsè rẹ̀ kì í ṣe gbèsè Salomon.

Àwa ọlọ́jà gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn yìí létí méjèèjì. Létí ọ̀tún, ó dáa fún ọmọ wa tó ń ṣòwò, ilé rẹ̀ kò bá ọjà lọ. Létí òsì, àwa gan-an ni àwọn tó ta awọ láwìn. Bí oníbàárà bá ní "ẹ kọ ọ́ sí orúkọ kọ́ńpìnnì mi," ẹ rántí àwọn ará Whitechapel. Ẹ ní kí ó fọwọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Báńkì kì í gbàgbé láti béèrè bẹ́ẹ̀. Fún ìdí yìí náà ni ọmọ tó rò pé kọ́ńpìnnì bo òun fi lè rí i pé báńkì ṣì lè wá sílé òun: òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe onídùúró.

Láti 1992, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí pé à ń kó ìyàwó àtọmọ jọ mọ́. Níbí, òfin 2020 ló fàyè gba irú rẹ̀. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ orúkọ òwò tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi sílẹ̀ ní Abuja, èyí tí wọ́n ń pè ní business name. Ìyẹn kò ní ààlà kankan, ìwọ náà ni.

Bí ọmọ bá wà ní Ìlú Ọba lónìí, ohun tó wà níwájú rẹ̀ pàápàá ni méjì. Ọ̀kan ni sole trader, ìyẹn ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí owó tó wọlé fún un láàárín ọdún owó orí bá ti kọjá £1,000, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn agbowó-orí. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ọdún owó orí wọn ń parí. Ó ní títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá tó tẹ̀lé e láti forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní sì ni kí ìwé ìṣirò àti owó dé. Ìwé rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í ìdí tó fi ná an. Ṣùgbọ́n gbèsè òwò ni gbèsè rẹ̀.

Èkejì ni kọ́ńpìnnì. Owó kọ́ńpìnnì kì í ṣe owó àpò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀, ó di owó oṣù tàbí èrè orí ṣíà, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí èrè tí kò ju £50,000 lọ, owó orí kọ́ńpìnnì jẹ́ £19 nínú £100 láti 2023. Ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba láàárín oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn òpin ọdún rẹ̀. Bó bá pẹ́ ọjọ́ kan, ìtanràn £150. Bó bá kọjá oṣù mẹ́fà, £1,500. Ẹnikẹ́ni ló lè ka orúkọ ọ̀gá kọ́ńpìnnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A mọ ohun tí àwọn ọmọ máa ń sọ, pé owó orí kọ́ńpìnnì kéré sí ti ẹni tó dá dúró. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí èrè bá pọ̀. Fún ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, owó àkáńtáǹtì nìkan lè gbé èrè náà mì.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ìjọba ti rí. Nígbà kan, òṣìṣẹ́ á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, á sì padà sórí àga kan náà lọ́jọ́ Ajé ní orúkọ kọ́ńpìnnì tirẹ̀, kí owó orí lè dín. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2000 ni òfin tí wọ́n ń pè ní IR35 ti ń lépa irú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jọ iṣẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á gba owó orí òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àwo ọrùn ti 1857: ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn orúkọ. Ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n ní LLC, tí ìpínlẹ̀ Wyoming kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1977, àjèjì lè dá a sílẹ̀. Wọ́n tún ní S corporation tí àwọn akáńtáǹtì fẹ́ràn, ṣùgbọ́n àjèjì tí òfin owó orí wọn kò kà sí olùgbé kò gbọdọ̀ ní ṣíà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ṣe, kí ó ṣọ́ra.

Èyí tó ń ba àwọn ọmọ wa lẹ́rù jù ni a fi sẹ́yìn, òun ló sì yẹ kí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀: fíìsà. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba pẹ̀lú fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe rárá, ì báà jẹ́ irun dídì nínú yàrá. Bó bá gbowó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti rú ohun tí wọ́n kọ sára fíìsà, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fíìsà tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Graduate, gba iṣẹ́ àdáni láyè. Nítorí náà, ọmọ kan náà, iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà, ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lóṣù yìí, kí ó sì di ohun tó tọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Dídá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kò yí ìyẹn padà. Àwọn ìyá wa tí Gáná lé ní 1969 ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn pẹ̀lú owó iyebíye.

Ọ̀nà kẹta wà tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ òun ló sún mọ́ wa jù. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bíi tiwa yìí, ẹnìkan ọ̀tọ̀ ni lójú òfin, ó lè ní ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́. Láti 1935 ni òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀. Àwọn onídìrí márùn-ún ní Peckham lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan, kí wọ́n jọ ra ẹ̀rọ. Canto ni, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí òfin mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ní kí a fi èyí kún un. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fún òwò ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kí ó mú nǹkan mẹ́ta wá bá akọ̀wé: ẹ̀dà ojú ìwé fíìsà ọmọ náà, orúkọ tó fẹ́ fi ṣòwò, àti orúkọ ẹni tí yóò san gbèsè bí ọjà bá kùtà. Bí orúkọ kẹta bá jẹ́ ti ìyá, kí ó sọ ọ́ kedere, kí a kọ ọ́ sílẹ̀.